Apá Kẹrin Fíìmù Eléruku

Ohùn tó jáde nínú fóònù Lubabah lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn kò pé ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kó tó dákẹ́, aṣọ tí Láwàlì ń ká ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin kan ni.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ni ohùn náà wí. "Apá kẹrin tí ẹ ń wá kiri yẹn, ó wà lọ́wọ́ mi. Inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wà, kò ṣeé fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá bá mi ní Papalanto."

Ìró tírélà kan kọjá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó sì tán.

Inú Lubabah ń dùn. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Láwàlì bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà, ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta àdìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń bá a wá àwọn fíìmù kọ́bọ́ì tó máa ń wò nígbà ọ̀dọ́. Ó ti rí apá kìíní, ó rí apá kejì, apá kẹta àti apá karùn-ún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Apá kẹrin nìkan ni kò sí níbì kankan, nítorí òun ni gbogbo ayé sọ pé kò dáa, ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tó sú u ló fi béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù àtijọ́.

"Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́? Mo bá yín rí i!"

"Jẹ́ kí n tún un gbọ́," ni Láwàlì wí.

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ní àlàfo láàárín eyín. Bó bá ti pe "kásẹ́ẹ̀tì", afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ súfèé jáde díẹ̀. Kó tó pe orúkọ ìlú, ó máa ń sinmi, bí ẹni tó ń wá òkúta tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú odò. Ẹnì kan ṣoṣo ni Láwàlì mọ̀ láyé tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Òun alára ló wọ inú sàréè onítọ̀hún, tó tú aṣọ funfun níbi orí rẹ̀, tó sì yí ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ó di ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí.

"Ṣé ẹ mọ bàbá náà ni?" ni Lubabah béèrè.

"Ta ni mo mọ̀ ní Papalanto?" Láwàlì wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyàwó rẹ̀, Ràhámátù, ti ń sá aṣọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má tíì sọ fún ìyá rẹ."

Ní ọdún 1978, kò sí ọjọ́ Sọ́ńdè tí ènìyàn máa wá Láwàlì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sàlàhúdíìnì tí kò ní bá wọn ní ilé sinimá tó wà nísàlẹ̀ Sápọ́n. Wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́, táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, síbẹ̀ títí di òní, bí Láwàlì bá ń gba ibẹ̀ kọjá, òórùn ẹ̀pà sísun àti èéfín sìgá máa ń ta sí i nímú. Bẹ́ǹṣì pákó ni wọ́n ń jókòó lé. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri máa ń kùn bí ilé oyin. Bí wọ́n bá ti pa iná, tí ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn sì gba orí èrò kọjá, inú Láwàlì á tutù pẹ̀sẹ̀, bí ẹni pé ayé kò ní ìṣòro kankan nínú.

Fíìmù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti òyìnbó gíga kan tó ní ẹṣin aláwọ̀ eérú. Inú eruku ló ti máa ń yọ ní gbogbo ìgbà. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ kò rọ̀ wọ́n lẹ́nu, Eléruku ni gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ń pè é. Ní apá kìíní, ó wá àwọn tó sun ilé bàbá rẹ̀ rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní apá kejì, òun nìkan ló gba ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ olè mẹ́tàdínlógún. Ní apá kẹta ni wọ́n pa á. Ìbọn bà á láyà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní irùngbọ̀n pupa sì gbẹ́ ilẹ̀ sin ín sábẹ́ igi, ó fi fìlà rẹ̀ lé orí sàréè. Àwọn géńdé aláàárù tí wọ́n ń ru àpò sìmẹ́ńtì ní Lafẹ́nwá sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri pé apá kẹrin ti dé, ìlú mì. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé kò kú ni. Wọ́n ní ọta ìbọn ti ní láti kọsẹ̀ lára oògùn. Ilé sinimá kún dẹ́nu, àwọn kan gun orí fèrèsé.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀. Eléruku wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó ń ta ìṣó àti ìyẹ̀fun. Ó so aṣọ ìdáná mọ́ ìdí. Kò sí ìbọn. Kò sí ẹṣin eérú. Kò sí ẹni tó sọ bó ṣe jíǹde. Fún odidi wákàtí kan, ó ń gbálẹ̀, ó ń wọn ìyẹ̀fun, ó fẹ́ opó kan tó ní ọmọbìnrin kékeré. Èrò kọ́kọ́ dákẹ́. Nígbà tó yá, ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Kí wá lèyí?" Èèpo ẹ̀pà àti èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í bà lára ògiri. Gbogbo ilé ń pariwo pé kí wọ́n dá owó àwọn padà.

Ìgbà náà ni Sàlàhúdíìnì dìde dúró lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ dákẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa!" ló ń ké. "Ẹ ò rí i pé kò fi nǹkan kan kan ẹnu látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ ò rí i pé ẹṣin kì í fẹ́ gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá? Ọkùnrin yìí ti kú o! Àkúdàáyà ni!"

Ta ni kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá? Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé, tó lọ tẹ̀dó síbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ máa pè é lórúkọ. Wọ́n bá ti pè é, ó parí, ojú ẹnikẹ́ni kò tún ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pé òyìnbó ń di àkúdàáyà? Ẹ̀rín bú. Wọ́n ń rọ́ lura wọn. Géńdé kan tó jókòó níwájú yíjú padà, ó na ọwọ́ sí Láwàlì: "Ìwọ, ṣé ọ̀rẹ́ ẹ kọ́ nìyí?"

Ojú ti Láwàlì. Ó wo Sàlàhúdíìnì tó dúró lórí bẹ́ǹṣì, tí ìmọ́lẹ̀ fíìmù ń tàn lára bùbá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ketekete kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Èmi? N kò mọ̀ ọ́n rí. Wèrè ni."

Sàlàhúdíìnì gbọ́. Ó rọra bọ́ sílẹ̀. Ìjà bẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bẹ́ǹṣì, ẹni tó ń tan fíìmù pa ẹ̀rọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí ìparí apá kẹrin ní Abẹ́òkúta.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láwàlì ń rò ó lójoojúmọ́ pé òun á lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n wá sọ fún un pé ibà mú Sàlàhúdíìnì lálẹ́ Àlàmísì, kò sì rí òwúrọ̀ Jímọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Láwàlì wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Nígbà tó tú aṣọ náà, ó rí àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì rẹ̀, níbi tó ti ṣubú lórí àpáta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń na iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ọdún méje lẹ́yìn náà ló fẹ́ Ràhámátù, àbúrò olóògbé.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, Láwàlì sọ fún Ràhámátù pé òun ń lọ rí oníbàárà kan ní Ìfọ̀. Ó wọ ọkọ̀ ní Lafẹ́nwá. Wọ́n kọjá Ìtòrí, wọ́n kọjá Ewékorò, níbi tí àwọn tírélà tò sẹ́bàá ọ̀nà bí ìjàlọ, tí gbogbo ewé igi sì funfun fún eruku sìmẹ́ńtì. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn máa ń jọra. Bí ènìyàn ṣe ń jọ ènìyàn náà ni ohùn ṣe ń jọ ohùn.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀ ní Papalanto, ó béèrè ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kò sì pẹ́ tó fi rí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dojú kọ títì, àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó ti bàjẹ́ kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún jókòó síta, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ kí Láwàlì.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú ìrìn. Mosúnmọ́lá lorúkọ mi, èmi ni ìyá Ìlérí. Fóònù Ìlérí ọmọ wa ni ọkọ mi fi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ti ń retí yín láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀?" Láwàlì kò sọ ọjọ́ tó máa wá fún ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ fún Lubabah pàápàá.

"Àná ló ti sọ pé òní lẹ máa wọlé." Ó rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Oòrùn ọ̀sán ń ta bí ata níta, ṣùgbọ́n bí Láwàlì ṣe fẹsẹ̀ kan wọlé, òtútù bà á ní ọrùn. Kò sí fáànù tó ń yí. Òórùn méjì ló gbọ́ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti aṣọ funfun tí wọn kò tíì fọ̀ rí, èyí tí imú ẹni tó ti ń ta aṣọ láti kékeré kò lè ṣì mú. Èkejì ni kánfọ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀ òkú.

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn tábìlì. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Àpá wà lókè ojú òsì rẹ̀.

Ó ti darúgbó bí Láwàlì ṣe darúgbó. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù: pé ojú tí òun fi iyẹ̀pẹ̀ bò lọ́mọ ogún ọdún ti rí àyè hu irùngbọ̀n funfun. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn. Ó tún fẹ́ sá jáde. Orúkọ náà gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó dé ọ̀nà ọ̀fun, ó dé orí ahọ́n.

"Bàbá Ìlérí!" ni Mosúnmọ́lá ké láti ìta, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ọmọge. "Ṣé kí n bu omi wá fún àlejò?"

Láwàlì gbé orúkọ náà mì. Ó kọjá lọ́fun rẹ̀ bí egungun ẹja.

"Dáramọ́lá ni wọ́n ń pè mí níbí," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. Kò na ọwọ́ pé kí wọ́n bọ̀wọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

"Èmi ni..."

"Ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹni tó wá wo fíìmù, kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?"

Wọ́n jókòó sórí àga méjì, àlàfo kékeré wà láàárín wọn. Ọkùnrin náà ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ìlà funfun jó lójú tẹlifíṣọ̀n, eruku sì là, Eléruku yọ pẹ̀lú aṣọ ìdáná nídìí, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Láwàlì ti gbàgbé pé fíìmù náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ariwo èrò nìkan ló kù lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ní báyìí ó wá rí i pé nígbà tí opó náà bá gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, tó bá yíjú, ọkọ á rọra dà á fún ajá lábẹ́ tábìlì. Ó rí i pé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, Eléruku máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà tó lọ sí orí òkè, bí ẹni tí wọ́n ní kó má padà sílé mọ́. Ọmọbìnrin kékeré yẹn á wá di ìka rẹ̀ mú, òun náà á sì wọlé. Fíìmù náà kò burú rárá. Àwọn ni wọn kò ní sùúrù, ìbọn ni wọ́n wá gbọ́.

Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ lọ́jọ́sí, Láwàlì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán ń lọ. Ọ̀rẹ́ onírùngbọ̀n pupa yẹn wọ ìlú, irùngbọ̀n náà ti di funfun. Ó fẹ́ ra ìṣó. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbójú sókè, ó rí ẹni tí òun sin. Ó pariwo ayọ̀, ó pè é lórúkọ, ó na apá méjèèjì. Eléruku kàn wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa sáré dé, aṣọ ìdáná nìkan ló wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń ké pè é kiri inú koríko, ọ̀rẹ́ yẹn sì dúró sáàárín ilé tòun ti ìṣó lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun kàn fẹ́ kí i ni.

Ó parí. Ẹ̀rọ ń kùn. Kò sí ẹni tó dìde nínú àwọn méjèèjì.

"Kò mọ̀," ni ọkùnrin náà sọ. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé Láwàlì ní láti tẹ́tí. "Inú rẹ̀ ló dùn jù tó fi pè é."

"Ká ní ó dákẹ́ ńkọ́?"

"Ká ní ó dákẹ́ ni, ì bá ra ìṣó rẹ̀, ì bá máa lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá tún wá ra òmíràn."

Láwàlì di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí orúnkún. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú ló ń wò, àwọn méjèèjì sì wà nínú rẹ̀ bí àwòrán arúgbó méjì.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà kan rí," ló wí. "A jọ wo fíìmù yìí. Òun nìkan ló rí ohun tó wà nínú rẹ̀ nínú gbogbo èrò, ó sì sọ ọ́. Èmi ni mo fi í ṣẹ̀sín. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò rí i bẹ̀ kó tó lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lọ́rùn mi láti ọjọ́ yìí wá."

Tírélà méjì gba títì kọjá, àwọn kásẹ́ẹ̀tì gbọ̀n lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà náà," ló wí. "Ọ̀rẹ́ yín yẹn náà, ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù. Ta ló ní kó gun orí bẹ́ǹṣì?"

Láwàlì kò sọ fún un pé ẹnikẹ́ni gun orí bẹ́ǹṣì.

Ọkùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni, ẹ̀rín ọmọ ogún ọdún láyà arúgbó, tí afẹ́fẹ́ ń súfèé láàárín eyín rẹ̀. Láwàlì náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n, títí Mosúnmọ́lá fi yọjú wò wọ́n tó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, fíìmù yẹn mà dùn o!"

Nígbà tó fẹ́ lọ, ọkùnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò kọjá ibi tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ kí ará ilé o," ló wí. Ó dúró díẹ̀. "Ẹ kí wọn dáadáa."

Wọ́n ń pe ìrun Àsárì nígbà tí Láwàlì wọ Ìtòkú. Ràhámátù gba agbádá lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi kọ́. Bó ṣe gbé e sápá, ó dúró sójú kan. Ó rọra gbé aṣọ náà sún mọ́ imú, òórùn kánfọ̀ wà lára rẹ̀.

"Ìfọ̀ kọ́ lẹ ti ń bọ̀," ló wí.

Láwàlì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà.

"Bàbá Lubabah, ṣé ẹ pè é lórúkọ?"

"Ta ni?"

"Mo ní ṣé ẹ pè é lórúkọ!"

"N kò pè é. Mi ò pè é, Ràhámátù."

Èémí tó jáde nínú rẹ̀ gùn bí ti ẹni tó ti wà lábẹ́ omi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di agbádá náà mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún. Ó ní Èkó lòun ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, táyà ọkọ̀ wọn jò ní Papalanto, gbogbo èrò sì bọ́ sílẹ̀. Òun gbójú sókè, òun sì rí ẹ̀gbọ́n òun níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń tún rédíò ṣe.

"Mo ti la ẹnu. Ọlọ́run ló ní kí tírélà kan fọn fèrè mọ́ mi lójú ibẹ̀. Kí n tó mọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n jáde, mo sì rí bó ṣe ń wo ọmọ náà. Mo pa ẹnu dé." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Láti ọjọ́ náà, kò sí oṣù tí mi ò lọ. Mi ò sọdá rí. Igi àgbálùmọ̀ kan wà ní òdìkejì títì, ẹ̀bá rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Màá wò ó, òórùn kánfọ̀ yẹn á máa fẹ́ sọdá wá bá mi, títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí, màá wá wọ ọkọ̀ padà sílé."

"Ọdún mọ́kànlélógún, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀bẹ̀ wà lọ́rùn yín tí ẹ fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀. Ta ló ń bẹ ènìyàn láìpe orúkọ rẹ̀?"

Láwàlì jókòó tì í. Ẹni tó ti bá a gbé fún ọdún mọ́kàndínlógójì, tó rò pé òun mọ ibi tí gbogbo ìrònú rẹ̀ ń lọ, wá dà bí ilé tó ní yàrá kan tí òun kò wọ̀ rí.

"Ṣé ó béèrè mi?" ni Ràhámátù bi í nígbà tó yá, bí ọmọdé.

"Ó ní kí n kí ará ilé. Ó ní kí n kí wọn dáadáa."

Ìgbà náà ló tó sunkún.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ. Wọ́n dúró ní ẹ̀bá igi àgbálùmọ̀ náà. Wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀ nítorí wáyà iná, òjìji tó kù kò lè bo ènìyàn kan. Ní òdìkejì, ọkùnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, rédíò kan wà lórí itan rẹ̀. Kò gbórí sókè. Àwọn tírélà ń lọ, wọ́n ń bọ̀, eruku ń dìde láàárín wọn, á tún rọlẹ̀, ọkùnrin náà á ṣì wà níbẹ̀. Ràhámátù ń ka iye irun funfun orí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láwàlì kò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Lubabah.

Ó tó wákàtí kan kí Mosúnmọ́lá tó jáde. Àga gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sáré sọdá títì, ó sì gbé àga náà kalẹ̀ níwájú wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin òbí mi. Ọkọ mi ní kí n gbé e wá. Ó ní ó ti lé lógún ọdún tí ìyá yìí ti ń dúró sínú oòrùn, òun ò kàn mọ bí òun ṣe máa ní kí wọ́n jókòó ni."

Ràhámátù di apá Láwàlì mú.

Mosúnmọ́lá kò dìde. Ó wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú èkejì. Ó pẹ́ lójú Ràhámátù, níbi imú àti ìrísí ẹnu, bí ẹni tó rí ohun tó mọ̀ nílé onílé. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ó ní kí n má béèrè orúkọ yín. Ó ní, bí ẹ bá fẹ́ sọ orúkọ kankan fún mi, kí n di etí kí n sá wá sílé." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin òbí mi, a ti jọ wà fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mi ò rí ará ilé rẹ̀ kan rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ ọkọ mi?"

Ní òdìkejì títì, ọkùnrin náà ti dá ọwọ́ dúró lórí rédíò. Ó gbórí sókè, ó ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láwàlì rí i pé ó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, bí ẹni tó ń múra láti dìde.

Ràhámátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ojú obìnrin náà sókè.

"Dáramọ́lá ni, ọmọ mi," ló wí. "Ṣé ó tún ní òmíràn ni?"

Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga.